Ẹja Tí Mi Ò Gbé Mì

Àyọ̀ká ọ̀rẹ́ mi ti wà lójú ọ̀nà. Sùlàímọ́nù awakọ̀ ló sọ fún Bàbá Láńre lánàá pé òun máa gbé e bọ̀ láti Ìséyìn láàárọ̀ yìí. Àyọ̀ká ti gbọ́ pé wọ́n fẹ́ ṣe iṣẹ́ abẹ fún mi lọ́jọ́ Ajé, ó sì ní òun gbọ́dọ̀ fojú kàn mí kí wọ́n tó gbé mi lọ sí ọsibítù ní Jẹ́ríkò. Ìdí nìyẹn tí mo fi ní kí gbogbo yín jókòó. Bàbá Láńre, ẹ bá mi pa rédíò yẹn. Àǹtí Rónkẹ́, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi ìkòkò yẹn sílẹ̀ ná. Láńre, Fadékẹ́mi, ẹ sún mọ́ mi. Ohun tí mo fẹ́ sọ yìí, mo gbọ́dọ̀ sọ ọ́ kí Àyọ̀ká tó wọlé. Tí mo bá fojú kàn án tán, mo mọ ara mi, màá tún bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín, màá máa béèrè àlàáfíà àwọn ará ilé, ọ̀rọ̀ náà á sì tún wọlé padà sínú mi. Kò sí àyè fún un nínú mi mọ́.

Ẹ̀yin ọmọ mi méjèèjì, láti kékeré ni mo ti kìlọ̀ fún yín pé ẹ ò gbọdọ̀ fi wàrà sẹ́nu. Tí ẹni tó ń polówó rẹ̀ bá ń kọjá níwájú ilé, ṣe ni ẹ máa ń sá wọlé. Ohun tí ẹ gbọ́ ni pé wàrà Àyọ̀ká ló fẹ́rẹ̀ẹ́ pa ìyàwó òyìnbó Jàpáàn nínú ilé yìí. Irọ́ ni. Wàrà kò ṣe ẹnikẹ́ni ní nǹkan kan. Èmi ìyá yín ni mo fẹ́rẹ̀ẹ́ pa obìnrin náà, èmi náà ni mo sì ti ẹ̀ṣẹ̀ ọ̀rọ̀ náà sí Àyọ̀ká lọ́rùn.

Ọdún 1964 ni, kò tíì pẹ́ tí a kó dé Bódìjà. Ẹ mọ̀ pé mo ní ilé oúnjẹ nígbà náà, nínú pálọ̀ iwájú tó ti di ibi ìkàwé Láńre báyìí. Ìrẹsì, mọ́ínmọ́ín, dòdò, ohun tí àwọn olùkọ́ àti òṣìṣẹ́ ìjọba máa ń jẹ lọ́sàn-án ni mo ń tà. Lọ́jọ́ kan ni Ọ̀gbẹ́ni Hàyámì wọlé, ó ń fi fìlà fẹ́ ara rẹ̀, ó sì jókòó gbì bí ẹni tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kò lè gbé e mọ́. Iṣẹ́ ẹ̀rọ ló gbé e wá láti Jàpáàn. Òun àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ mélòó kan ń to ẹ̀rọ sí ilé iṣẹ́ kan lọ́nà Ring Road, ilé tí wọ́n fún wọn sì wà ní Bódìjà níbí. Ó ní òun ti wá Dùgbẹ̀, òun ti wá Mọ́kọ́lá, kò sí hòtẹ́ẹ̀lì tí òun kò dé, òun kò rí ibi kan ṣoṣo tí wọ́n ti ń se oúnjẹ ìlú òun. "Ìyàwó mi kì í jẹun," ó ní. "Láti ìgbà tí a ti dé ló ti ń rù. Ó ní tí òun bá lè rí súṣì jẹ lẹ́ẹ̀kan péré, ara òun á yá." Mo béèrè ohun tó ń jẹ́ súṣì. Ó ní ìrẹsì ni, tí wọ́n fi ẹja lé lórí. Mo ní, "Ẹja díndín àbí ẹja sísè?" Ó ní, "Rárá, Màmá. Iná kì í kàn án." Ẹ̀rín pa mí, ológbò ló kọ́kọ́ wá sí mi lọ́kàn. Ṣùgbọ́n nígbà tó mú ìyàwó náà wá lọ́jọ́ kejì, tí mo rí bí egungun ọrùn rẹ̀ ṣe yọ, ẹ̀rín kúrò lẹ́nu mi. Èmi náà ti jẹ́ ìyàwó tuntun rí ní ìlú tí mi ò ti mọ ẹnikẹ́ni.

Àyọ̀ká ló jẹ́ kí ó ṣeé ṣe. Ẹja ló ń tà ní Mọ́kọ́lá, òun ló sì ń já tèmi fún mi. Gbogbo Sátidé ló máa ń lọ dúró ní Dùgbẹ̀ de ọkọ̀ ojú irin tó ń gbé ẹja òkun bọ̀ láti Èkó nínú yìnyín. Ó ní, "Ìyá Láńre, ṣé àwọn èèyàn yìí ò ní igi ìdáná nílùú wọn ni?" Síbẹ̀ ó lọ, ó ṣa ẹja kúta tí ojú rẹ̀ ṣì ń dán, ó gbé e wá. Ìyàwó Hàyámì dúró tì wá ní kíṣíìnì. Ó ní kí á má da omi ìrẹsì nù, kí á jẹ́ kí ó lẹ̀ mọ́ra, ohun tí ìyá mi ìbá torí rẹ̀ nà mí ní kékeré. Ó po fínígà mọ́ ṣúgà, ó wọ́n ọn sí i. Ó gé ẹja náà pẹlẹbẹ-pẹlẹbẹ. Nígbà tó fi àkọ́kọ́ sẹ́nu, ó fọwọ́ bo ojú, ó ń sunkún. Àyọ̀ká rí i, òun náà bá bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún, kò tiẹ̀ mọ ìdí. Láti ìgbà tí mo ti ń dáná, inú mi ò dùn tó ti ọjọ́ yẹn rí.

Kò pẹ́ tí gbogbo ará Jàpáàn tó wà ní Ìbàdàn fi ń wá sílé wa ní gbogbo Sátidé. Tí àlejò wọn bá ti Èkó dé, ilé wa ni wọ́n ń mú un wá. Àwọn olùkọ́ Yunifásítì náà ń wá wòran. Àwọn kan á tọ́ ọ wò, àwọn kan á rọra ní kí n bu mọ́ínmọ́ín fún àwọn. Ó sì wá ní ohun kan tí mo máa ń ṣe. Ní ilé bàbá mi, ẹni tó bá gbé oúnjẹ fún àlejò ló máa ń kọ́kọ́ bù ú jẹ lójú àlejò, kí ọkàn onítọ̀hún lè balẹ̀ pé kò sí nǹkan kan níbẹ̀. Nítorí náà, mo máa ń mú ẹyọ kan nínú àwo, màá jẹ ẹ́, màá gbé e mì, màá ní, "Ó dáa. Ẹ jẹun." Wọ́n fẹ́ràn rẹ̀ púpọ̀. Ó di pé wọn kì í fọwọ́ kan nǹkan títí Màmá á fi jẹ tirẹ̀. Wọ́n á dákẹ́ rọ́rọ́, wọ́n á máa wo ẹnu mi. Mo gbádùn ìdákẹ́jẹ́ yẹn ju bó ṣe yẹ lọ. Orí mi wú. Mo rò pé kò sí obìnrin bíi tèmi ní Bódìjà.

Sátidé tí mò ń sọ yìí, ọ̀gá àgbà wọn ń bọ̀ láti Èkó. Ìyàwó Hàyámì ti lóyún nígbà náà, ó máa ń sọ pé ẹja wa ló fún òun lọ́mọ. Mo sì ti gbọ́ pé hòtẹ́ẹ̀lì kan ní Mọ́kọ́lá ń wá ẹni tí yóò kọ́ àwọn náà ní súṣì, ọ̀rọ̀ yẹn kò sì jẹ́ kí n sùn dáadáa. Àárọ̀ ọjọ́ náà ni Àyọ̀ká dé láti Dùgbẹ̀ pẹ̀lú agbọ̀n òfìfo. Ó ní, "Ẹja ò bá ọkọ̀ dé o. Ẹ jẹ́ kí á se adìẹ fún wọn." Ó gbé abọ́ wàrà kan sílẹ̀, ó ní òun rà á fún àwọn àlejò nítorí ẹja tí òun kò rí. Kúta tó ṣẹ́kù láti ọ̀sẹ̀ tó kọjá wà nínú fìríìjì, iná sì ti lọ fún odidi ọjọ́ kan láàárín ọ̀sẹ̀. Àyọ̀ká ṣí i, ó gbóòórùn rẹ̀. Ó ní, "Ẹ gbé èyí fún ajá, Ìyá Láńre. Ẹ̀mí èèyàn ni o." Mo ní mo ti gbọ́. Mo rán an lọ sí Sábó pé kó lọ ra kùkúmbà wá. N kò nílò kùkúmbà. Mo kàn fẹ́ kó kúrò níbẹ̀ ni.

Nígbà tó lọ tán, mo fi fínígà fọ ẹja náà, mo fi ata ilẹ̀ ra á, mo gé e. Ọwọ́ mi mọ ohun tó ń ṣe, ọkàn mi náà mọ̀ ọ́n. Mo gbé àwo àti abọ́ wàrà náà síwájú wọn. Ọ̀gá àgbà náà wà níbẹ̀, Hàyámì ti ròyìn mi fún un, gbogbo wọn dákẹ́, wọ́n ń wò mí. Mo mú ẹyọ kan, mo fi sẹ́nu. Mo tì í sí ẹ̀gbẹ́ ẹ̀rẹ̀kẹ́, mo ṣe bí ẹni ń jẹun, mo ní, "Ó dáa. Ẹ jẹun." Mo yíjú padà, mo wúkọ́, mo tu ú sínú áńkáṣíìfù. Ìyàwó Hàyámì rẹ́rìn-ín sí mi, ó mú tirẹ̀. Ó ti gbé méjì mì kí n tó dé ẹnu ọ̀nà kíṣíìnì. Ẹ̀yin ọmọ mi, mo lè padà lọ gba àwo yẹn. Mo dúró níbẹ̀, mo di áńkáṣíìfù mú, mi ò lọ.

Kí ilẹ̀ tó ṣú, èébì ti mú mẹ́ta nínú wọn. Ti ìyàwó Hàyámì ló burú jù. Wọ́n gbé e lọ sí ọsibítù, a ò mọ̀ bóyá òun tàbí oyún inú rẹ̀ ni yóò kọ́kọ́ lọ. Ọlọ́run ló yọ wọ́n. Lọ́jọ́ kejì, lẹ́yìn ìsìn, Hàyámì wá, ó béèrè wọ́ọ́rọ́wọ́ pé kí ni wọ́n jẹ. Àǹtí Rónkẹ́, ẹ̀yin tí ẹ wà níbẹ̀ nígbà tí wọ́n ń jẹun lẹ dáhùn. Ẹ ní, "Kì í ṣe ẹja. Ojú mi ni ìyàwó wa ṣe jẹ nínú rẹ̀, òun nìyí tó dúró ṣinṣin." Ẹ ò purọ́, ohun tí ẹ rí lẹ sọ. Èmi ni mo fi ẹnu yín purọ́, ẹ dárí jì mí. Ibẹ̀ ló yẹ kí n ti kúnlẹ̀. Dípò bẹ́ẹ̀, mo ní, "Wàrà yẹn nìkan ni mi ò fọwọ́ kàn." Gbogbo ojú yí sí Àyọ̀ká, tó wá gba abọ́ rẹ̀. Ó ní, "Ìyá Láńre, ẹja wo lẹ fún wọn jẹ?" Mo ní awakọ̀ kan gbé e wá láti Èkó lẹ́yìn tó jáde. Ó wò mí. Ó mọ̀ pé irọ́ ni. Ó ní, "Ẹ wò mí lójú kẹ́ ẹ tún un sọ." Mo wo ilẹ̀, mo tún un sọ. Kò bá mi jà. Ó ṣán ọwọ́ rẹ̀, ó gbé abọ́ rẹ̀, ó lọ.

Ohun tí mo ṣe fún un kò tán síbẹ̀. Wolé-wolé lọ da ẹja rẹ̀ nù ní Mọ́kọ́lá. Àwọn tó ń rajà lọ́wọ́ rẹ̀ ń gba ẹ̀gbẹ́ kejì kọjá, wọ́n ń pè é ní obìnrin tó fi wàrà pa òyìnbó, bẹ́ẹ̀ òyìnbó náà kò kú. Kí ọdún tó parí, ó ti palẹ̀ mọ́ padà sí Ìséyìn. Nígbà tí ìyàwó Hàyámì bímọ tán, ó gbé ọmọ wá fún mi kí n bá òun gbé e. Ó ní, "Àyọ̀ká dà? Wàrà rẹ̀ dùn." Mo ní ó rìnrìn àjò. Mo gbé ọmọ náà. Mi ò se súṣì mọ́ láti ìgbà náà, mo sì ti ilé oúnjẹ náà pa. Ẹ̀yin rò pé ó rẹ̀ mí ni.

Bàbá Láńre, ẹ má sọ̀rọ̀ ná. Mo mọ̀ pé ẹ̀ ń wá ohun tí ẹ máa fi tù mí nínú. Ẹ̀yin ọmọ mi, ìyá yín kì í ṣe ìkà láti inú wá, ìyẹn gan-an ni kí ẹ bẹ̀rù. Mi ò fẹ́ kí wọ́n rí mi lọ́wọ́ òfo lọ́jọ́ kan ṣoṣo, ohun tí mo torí rẹ̀ ba ayé ọ̀rẹ́ mi jẹ́ nìyẹn. Tí ọjọ́ bẹ́ẹ̀ bá dé bá yín, ẹ sọ pé ẹja ò dé. Àǹtí Rónkẹ́, ẹ bá mi lọ sí Mọ́kọ́lá, ẹ sọ ohun tí mo sọ lónìí fún gbogbo àwọn tí ẹ sọ ọ̀rọ̀ wàrà yẹn fún nígbà náà. Ẹ má fi orúkọ mi pamọ́.

Mo gbọ́ ìró mọ́tò. Sùlàímọ́nù sọ lánàá pé ó máa gbé nǹkan bọ̀ nínú abọ́ fún aláìsàn. Mo mọ ohun tó jẹ́, wàrà ni. Fadékẹ́mi, lọ ṣílẹ̀kùn fún màmá rẹ, kí o kúnlẹ̀ dáadáa. Láńre, gbé mi dìde jókòó. Tí ó bá ti gbé abọ́ náà sílẹ̀, kí ẹnikẹ́ni má fọwọ́ kàn án. Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ bẹ̀ ẹ́ lójú gbogbo yín. Lẹ́yìn náà, kí ẹ fi abọ́ náà lé mi lọ́wọ́, kí ẹ sì dákẹ́, kí ẹ máa wo ẹnu mi. Lọ́tẹ̀ yìí, màá gbé e mì.