Búláńkẹ́ẹ̀tì Tí Mo Sá Sójú Wáìfáì

Ẹ sún mọ́ mi, gbogbo ará ilé. Télọ̀, pa ẹ̀rọ yẹn kí o bọ́ síwájú. Ọ̀rọ̀ kan ti há mi lọ́fun, orin ò rọ́nà jáde mọ́. Mo fẹ́ tú u sílẹ̀ wàyí: èmi ni mo ń ba wáìfáì yín jẹ́.

Ẹ má tíì pariwo. Ẹ ṣáà mọ̀ pé láti ilé bàbá onílé ni wáìfáì ti ń fò wá sílé tiwa. Abọ́ funfun kan wà lórí òrùlé tiwọn, ọ̀kan wà lórí tiwa, wọ́n ń wojú ara wọn bí àfẹ́sọ́nà. Oníwáìfáì yìí, ọmọ tó ń bá bàbá onílé tún un ṣe, kìlọ̀ fún mi: “Ìyá àgbà, ẹ má jẹ́ kí nǹkan kan dúró láàárín wọn o.” Mo ní mo ti gbọ́. Lọ́jọ́ kan, mo gbàgbé, mo sá búláńkẹ́ẹ̀tì tútù sórí okùn aṣọ mi lókè, níwájú abọ́ tiwa gan-an. Àfi gbàà, gbàà, ilẹ̀kùn ń ṣí! Àwọn ọmọ-ọmọ mi jáde, télọ̀ jáde, nọ́ọ̀sì tó jẹ́ pé gìgísẹ̀ rẹ̀ nìkan ni mo máa ń rí náà jáde. “Kí ló ṣe wáìfáì?” Ẹ jókòó yí mi ká, mo dá orin, ẹ gbè é:

Ẹ jáde, ẹ wá o,
Afẹ́fẹ́ ń pè yín!

Ó dùn mọ́ mi jù. Ìgbà àkọ́kọ́, àṣìṣe ni. Láti ìgbà kejì, búláńkẹ́ẹ̀tì ò dọ̀tí rárá tí mo fi ń fọ̀ ọ́. Arúgbó oníwàhálà!

Kí oníwáìfáì tó gbé àkàbà dé, oòrùn á ti gbẹ ẹ́, mà á ti ká a wọlé. Wáìfáì á máa sáré geere. Bàbá onílé á ní, “O ò mọṣẹ́.” Èyí tó burú jù ni pé wọ́n bi mí léèrè, mo sì fẹnu ara mi sọ pé, “Bóyá kò de abọ́ yẹn le ni.” Wọ́n bá lé e. Ìyàwó rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ o! Láàárọ̀ yìí ló wá dágbére fún mi. Ó wo òkè, ó ní, “Ìyá àgbà, okùn aṣọ yín ti dẹ̀. Ẹ jẹ́ n fà á le kí n tó lọ.” Okùn yẹn gan-an! Ni mo bá bú sẹ́kún, mo ní kó má tíì lọ.

Ọmọ mi, dárí jì mí. Bàbá onílé, ẹ dá iṣẹ́ rẹ̀ padà fún un. Ẹ̀yin ọ̀dọ́, tí èèyàn bá wù yín í rí, ẹ pè é, ẹ má fi irọ́ fà á jáde.

Ẹ wò ó, bàbá onílé ń fi fìlà bo ẹnu. Ẹ̀rín ni, mo mọ̀ ọ́n! Kí lẹ wí? “Oníwáìfáì, gbé àkàbà ẹ padà síbi tó wà.” Áà, ó ti gbaṣẹ́ rẹ̀ padà, ẹ ṣeun! Oníwáìfáì náà ní òun máa gbé okùn mi sẹ́yìn abọ́. Nọ́ọ̀sì ní kí n ṣáà máa kọrin, àwọn á máa jáde.

Ó dáa, ẹ gbé abọ́ yín wá, abọ́ oúnjẹ ni mo wí. Ìkòkò kún. Ẹ jẹ, ẹ yó, kí kálukú tó relé, kí ẹ di ti ìyàwó oníwáìfáì fún un. Lọ́la, mo máa dá orin. Ẹni tí ò bá jáde, kó rántí pé búláńkẹ́ẹ̀tì mi ò tíì ya o.