Ìràwọ̀ Tí A Fi Búlọ́ọ̀kù Wọ̀n

Ìgbà tí eegun mi ṣì le, tí mo lè ru búlọ́ọ̀kù méjì lórí kí n sì tún máa súfèé, ìràwọ̀ ni aago mi. Ẹ má rẹ́rìn-ín. Mòdínátù, gbé fóònù yẹn sílẹ̀ ná, ọmọ mi. Mo rí i bí o ṣe ń nà án sójú ọ̀run tó ń kọ orúkọ ìràwọ̀ fún ẹ. Ó dára, inú mi dùn sí i. Ṣùgbọ́n èyí tó ń tàn lókè Ìfọ̀ lọ́hùn-ún yẹn, tó mọ́lẹ̀ ju gbogbo wọn lọ, èmi àti òun ti mọra tipẹ́. Òun ló bá mi fẹ́ ìyá yín. Òun náà ló sì fẹ́rẹ̀ẹ́ gbà á lọ́wọ́ mi... Ẹ gbọ́.

Ẹ mọ̀ pé n kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀. Ẹni tí kò parí ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, tó fi gbogbo ayé rẹ̀ po sìmẹ́ńtì, kí ló fẹ́ máa sọ? Àmọ́ tòní dùn mọ́ mi, ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́.

Ẹdẹ ni mo ti wá. Mo gba yàrá kan ní Mowe, mo ń ṣe lébìrà. Àdúgbò Lotto tí ẹ̀ ń wò yìí, tó jẹ́ ṣọ́ọ̀bù lórí ṣọ́ọ̀bù, koríko ló wà níbẹ̀ nígbà náà. Tó o bá dúró sójú kan, wàá rí ojú ọ̀run láti apá Ṣàgámù, níbi tí oòrùn ti ń yọ, títí dé apá Ìfọ̀, níbi tó ń wọ̀ sí. Kò sí fẹ́ǹsì gíga, kò sí ilé alájà. Lónìí ńkọ́? Ìwọ̀nba ojú ọ̀run tí aládùúgbò ẹ bá ṣẹ́ kù fún ẹ lo máa rí.

Lotto yẹn la ti ń kọ́ ilé gbọọrọ kan fún alájì kan. Ọ̀gá Ráúfù ni bíríkìlà wa, bàbá ìyá yín nìyẹn. Kí Ọlọ́run forí jì wọ́n. Ọmọ wọn, Ṣìfáwù, ń kọ́ṣẹ́ aṣọ rírán. Kó tó lọ síbi iṣẹ́ láàárọ̀, àti tó bá ti dé nírọ̀lẹ́, òun ló máa ń wọ́n omi sí búlọ́ọ̀kù tuntun kó má baà sán. Ẹ ò rí i? Ọmọge tó ń wọ́n omi sí búlọ́ọ̀kù láàárọ̀ àti nírọ̀lẹ́, èmi tí mo ń ru búlọ́ọ̀kù... kí lẹ rò pé ó máa ṣẹlẹ̀?

Mo lọ kúnlẹ̀... rárá, mo dọ̀bálẹ̀ ni, lórí sìmẹ́ńtì tútù. Ọ̀gá Ráúfù wò mí títí.

"Bùráímọ̀, ọmọ mi lo fẹ́?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, sà."

"Ó dáa. Dìde, o ti ba iṣẹ́ mi jẹ́. Ọjọ́ tí o bá ṣáájú mi dé sáìtì ni mo máa dá ẹ lóhùn."

Ṣé ẹ rò pé nǹkan kékeré ni? Ládàánì kò ní tíì pe ìrun àsùbáà tí Ọ̀gá Ráúfù á ti wà lórí òkìtì yanrìn wa, tí wọ́n á ti ṣe àlùwàlá, tí wọ́n á máa dúró de ìpè. Kò sẹ́ni tó ṣáájú wọn débẹ̀ rí. Mo tiẹ̀ sùn sí sáìtì lọ́jọ́ kan. Nígbà tí wọ́n bá mi níbẹ̀, wọ́n ní, "Ẹni tó sùn síbẹ̀ kò ṣáájú ẹnikẹ́ni dé. Kò lọ ni." Ẹ wá bá mi dá wọn lóhùn!

Ibi tí ìràwọ̀ ti wọlé nìyẹn. Wíńdò mi kọjú sí apá Ṣàgámù, ọ̀pẹ kan sì wà níwájú rẹ̀. Ní ìdájí, ìràwọ̀ ńlá kan máa ń yọ lórí ọ̀pẹ yẹn, funfun báláú. Tó bá ti kúrò lórí imọ̀ ọ̀pẹ báyìí, mo ti fò dìde. Níbẹ̀rẹ̀, ó dára. Mo ń bá Ọ̀gá lórí àlùwàlá. Ó kù díẹ̀ kí n ká wọn mọ́ ojú ọ̀nà. Mo ti ń ro irú aṣọ tí mo máa wọ̀ sí ìgbéyàwó.

Nígbà tó yá, mo bá wọn lórí ìrun. Nígbà tó tún yá, wọ́n ti kírun tán. Lọ́jọ́ kan, mo bá gbogbo èèyàn lẹ́nu iṣẹ́. Bẹ́ẹ̀ ìràwọ̀ ni mo fi jí o! Ó kúrò lórí ọ̀pẹ, èmi náà kúrò lórí ẹní.

Lásísì tó ń wa típà yanrìn wá fún wa ni kò jẹ́ kí n gbádùn. "Bùrá, ẹ káalẹ́ o!" Láàárọ̀ kùtù!

Mo kọjú sí Ọ̀gá Ráúfù, mo ní, "Ọ̀gá, ìràwọ̀ kì í purọ́. Ẹ̀yin lẹ̀ ń jí ṣáájú àsìkò."

"Èmi àti ta?"

"Ẹ̀yin àti ládàánì. Àti àkùkọ."

Ọ̀gá fara ti ṣọ́bìrì. "Bùráímọ̀, gbogbo Mowe pátá ló ṣí kúrò lójú kan, ìwọ àti ìràwọ̀ rẹ nìkan lẹ dúró?"

Ẹ̀rín kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni ru nǹkan mọ́. Ládàánì gbọ́ pé mo fẹ̀sùn kàn án, ó gbé aago ògiri mọ́sálásí wá sí sáìtì, ó gbé e sí àyà bí ẹni gbé ọmọ tuntun. "Wò ó fúnra ẹ! Ṣé ojú oorun ni mo fi ń pèrun ni?" Ẹ rí nǹkan. Aago kò mọ àkùkọ, àkùkọ kò mọ ládàánì, ẹnu wọn sì kò. Ẹlẹ́rìí tí kò sùn nílé kan náà, tí ọ̀rọ̀ wọn bára mu, ó yẹ kéèyàn gbà wọ́n gbọ́. Ṣùgbọ́n orí kunkun... ìfẹ́ ló ń ṣe mí.

Ọ̀gá kò bá mi jà. Wọ́n ní, "Jẹ́ kí ìràwọ̀ fúnra rẹ̀ bá ẹ sọ ọ́. Ògiri kì í rìn. Fi ẹ̀yìn kan òpó yìí, tí ládàánì bá pèrun, wo bí ìràwọ̀ ṣe ga tó sí orí ògiri."

Mo fi àkùkọ onílé mi jí, mo lọ. Ọ̀gá ti wà níbẹ̀, ìyẹn kì í ṣe tuntun. Ládàánì pèrun, mo wò ó, ìràwọ̀ ń tàn lókè ògiri dáadáa. Ọjọ́ kejì, mo fẹ̀yìn kan òpó, ládàánì pèrun... kò sí ìràwọ̀! Ògiri ti bò ó.

Mo figbe ta, "Ó ti já! Ọ̀gá, ìràwọ̀ ti já!"

Ọ̀gá Ráúfù rẹ́rìn-ín títí wọ́n fi jókòó sórí yanrìn. "Ta ló ru búlọ́ọ̀kù lánàá?"

"Èmi ni, sà."

"Ta ló tò ó?"

"Ẹ̀yin ni."

"Ìràwọ̀ ló wá já, àbí ògiri ló ga?"

Háà! Èmi tí mo fi orí ara mi ru búlọ́ọ̀kù tó bo ìràwọ̀ mọ́lẹ̀! Ẹ rò ó wò. Ògiri tí wọ́n ní kì í rìn, èmi fúnra mi ni mò ń mọ ọ́n kún lójoojúmọ́.

Ọ̀gá wá mú mi lọ sẹ́yìn ilé, níbi tí ògiri kan ti ga tán, tí a kò tíì rẹ́. Wọ́n ní kí n máa wo ìràwọ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ etí rẹ̀, kí n máa ka ìpele búlọ́ọ̀kù láti ilẹ̀, kí n má kà á láti òkè mọ́. Bẹ́ẹ̀ la ṣe ń wò ó. Bí ọ̀sẹ̀ ṣe ń gorí ọ̀sẹ̀, ìràwọ̀ ń sọ̀ kalẹ̀ láti ìpele dé ìpele, bí ẹni ń ti orí àkàsọ̀ bọ̀. Ó ń pẹ́ kó tó yọ lóòótọ́. Mo tọrọ àforíjì lọ́wọ́ ládàánì. Mi ò tọrọ ti àkùkọ.

Nígbà tó yá, ìràwọ̀ kò yọ mọ́ rárá. Ọ̀gá ní, "Ó ti kú. Ẹ bá Bùráímọ̀ kẹ́dùn."

Mo ṣe bí ẹni pé mo ń rẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n àbúrò Ọ̀gá obìnrin ti mú ọkọ wá fún Ṣìfáwù láti Àgbàdo, ọkùnrin kan tó ní ṣọ́ọ̀bù lẹ́bàá ojú irin. Ó ní ṣọ́ọ̀bù! Èmi, kí ni mo ní? Páànù tí mo fi ń ru sìmẹ́ńtì. Ọ̀gá ní kí oníṣọ́ọ̀bù dúró ná, nítorí àwọn ti bá mi ṣàdéhùn. Ṣùgbọ́n títí dìgbà wo?

Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, Ṣìfáwù ń wọ́n omi sí búlọ́ọ̀kù, ó gbójú sókè. "Bọ̀dá Bùráímọ̀, ìràwọ̀ yín kò kú. Ó ti kó lọ sí Ìfọ̀."

Gbogbo wa yíjú. Lóòótọ́, ìràwọ̀ kan wà níbi tí oòrùn wọ̀ sí, báláú bí ti àkọ́kọ́.

Ọ̀gá ní, "Àgùàlà nìyẹn, ajá òṣùpá. Ìyẹn yàtọ̀ sí ti ìdájí."

Ṣìfáwù ní, "Bàbá mi, àwọn àgbà ní Àgùàlà ń bá òṣùpá rìn, wọ́n ṣebí ajá rẹ̀ ni. Ẹ jẹ́ ká wò ó bóyá ajá rẹ̀ ni." A sì wò ó fún alẹ́ bíi mélòó kan. Òṣùpá lé, ó sún mọ́ ọn, ó kọjá lára rẹ̀, ó bá tirẹ̀ lọ. Àgùàlà kò tẹ̀ lé e. Ajá wo ló ń jẹ́ kí olówó rẹ̀ lọ, tí kò tilẹ̀ ju ìrù?

Ṣìfáwù wá béèrè pé, "Ṣé ẹnikẹ́ni nínú yín ti rí ti ìdájí àti ti ìrọ̀lẹ́ lásìkò kan náà rí?"

Ó nawọ́ sí Lásísì lẹ́gbẹ̀ẹ́ típà rẹ̀.

"Ẹ wo Bọ̀dá Lásísì. Tí wọ́n bá wà lọ́dọ̀ ìyàwó wọn ní Ìfọ̀, Bàbá Rìsì ni wọ́n ń jẹ́. Tí wọ́n bá wà lọ́dọ̀ èyí tó wà ní Ṣàgámù, Bàbá Kúdí ni. Ìfọ̀ kò rí wọn nígbà tí Ṣàgámù ń rí wọn. Ṣé ọkùnrin méjì ni?"

Yéè! Ẹni kan ṣubú sínú yanrìn. Lásísì ní, "Kí ló kan tèmi nínú ọ̀rọ̀ ìràwọ̀? Ẹ jẹ́ n da yanrìn mi kí n máa lọ!"

"Ilé wo lẹ̀ ń lọ?" bẹ́ẹ̀ ni gbogbo sáìtì wí lẹ́ẹ̀kan náà.

Ọ̀gá rẹ́rìn-ín pẹ̀lú wa, ṣùgbọ́n wọn kì í jẹ́ kí ògiri wọ́. Wọ́n ní, "N kò rí òwìwí àti oòrùn pa pọ̀ rí. Ṣé ọ̀kan ni wọ́n?"

Ẹ ò rí i pé òótọ́ ni? Ọ̀rọ̀ yẹn dá wa dúró. Ṣìfáwù ronú, omi ń kán nínú garawa rẹ̀. Ó ní, "Ẹ jẹ́ ká dúró dè é nígbà náà. Tó bá jẹ́ ọ̀kan ni, tó bá ti kúrò ní Ìfọ̀, Ṣàgámù ló gbọ́dọ̀ yọ sí. Ṣùgbọ́n bí ọ̀kan bá yọ ní Ṣàgámù tí èyí ṣì wà ní Ìfọ̀, méjì ni wọ́n, mo gbà."

"Ọ̀rọ̀ wà nínú ìyẹn," ni Ọ̀gá wí.

Bẹ́ẹ̀ la ṣe dúró dè é. Òjò rọ̀, ọyẹ́ dé. Àgùàlà gòkè lápá Ìfọ̀, ó mọ́lẹ̀ débi pé ọmọdé ń tọ́ka sí i. Lẹ́yìn náà, kíá báyìí, ó bẹ̀rẹ̀ sí í já bọ̀, bí ẹni tí wọ́n ránṣẹ́ pè nílé. Ó wọ̀ lọ. Kò sí ní ìrọ̀lẹ́, kò sí ní ìdájí. Mo rí i pé Ọ̀gá ti ń yọjú wo apá Ṣàgámù lẹ́yìn ìrun. Oníṣọ́ọ̀bù Àgbàdo náà ránṣẹ́ pé sùúrù òun ti tán.

Lọ́jọ́ tí mo gbọ́ èyí, n kò rí oorun sùn dáadáa. Àkùkọ onílé ti di ọbẹ̀ ọdún Iléyá, kò sóhun tó fẹ́ jí mi. Mo kàn dìde, mo ń lọ, orí mi wà nílẹ̀. Mo ń ro ohun tí mo máa sọ fún Ọ̀gá. Mo dé sáìtì.

Kò sẹ́nìkan lórí yanrìn.

Mo rìn yí òkìtì yanrìn náà ká. Mo rò pé ara Ọ̀gá kò yá ni. Ládàánì pèrun tán, mo ṣì dá dúró síbẹ̀. Nígbà náà ni mo gbọ́ ohùn wọn lójú ọ̀nà, "Òun ni! Òun náà ni!" Ọ̀gá Ráúfù ń bọ̀, ojú wọn wà lókè, wọ́n fẹsẹ̀ kọ búlọ́ọ̀kù, wọn kò wolẹ̀. Ṣìfáwù ń tẹ̀ lé wọn pẹ̀lú garawa.

"Bùráímọ̀! O rí i? Ó ti dé láti Ìfọ̀!"

N kò tilẹ̀ tíì rí i, èmi tí orí mi wà nílẹ̀. Wọ́n di orí mi mú, wọ́n yí i sí apá Ṣàgámù. Ó wà níbẹ̀, báláú, lẹ́gbẹ̀ẹ́ etí ògiri wa. Ọ̀rẹ́ mi àtijọ́. Inú wa dùn, a ń rẹ́rìn-ín bí ọmọdé, a gbàgbé iṣẹ́.

Ṣìfáwù wá sọ garawa kalẹ̀. Ó rọra ní, "Bàbá mi, ta ló ṣáájú dé sáìtì lónìí?"

Ọ̀gá wo ipa ẹsẹ̀ mi lórí yanrìn. Wọ́n wò mí. Wọ́n tún wo ìràwọ̀ pẹ́. Wọ́n ní, "Ìràwọ̀ burúkú. O dá ọmọkùnrin yìí dúró, o tún wá dá èmi náà dúró." Wọ́n bú sẹ́rìn-ín. "Bùráímọ̀, lọ pe àwọn èèyàn rẹ wá láti Ẹdẹ."

Ẹ wo ìyá yín bó ṣe ń fi ìborùn bo ẹnu. Ṣìfáwù, ta ló kọ́kọ́ rí ìràwọ̀ lọ́jọ́ yẹn?

"Èmi ni, Bàbá Mòdínátù."

Ta ló pe Ọ̀gá pé kí wọ́n wá wò ó?

"Ìràwọ̀ ló dá wọn dúró o, kì í ṣe èmi. Èmi kàn ń bi wọ́n ní ìbéèrè lẹ́yìn ìbéèrè ni."

Ẹ gbọ́ ọ! Gbogbo ọdún wọ̀nyí...

Ẹ̀yin ọmọ, ayé ti yí. Iná pọ̀, fẹ́ǹsì pọ̀, fóònù ń sọ orúkọ ohun gbogbo kéèyàn tó wòye. Ẹ lò ó, kò burú. Ṣùgbọ́n tí nǹkan kò bá lọ bẹ́ ẹ ṣe rò ó, kẹ́ ẹ tó pariwo pé ìràwọ̀ já, ẹ kọ́kọ́ wò ó bóyá ẹ̀yin lẹ mọ ògiri kún. Àti ìwọ Mòdínátù, láìpẹ́ èyí tó wà lókè Ìfọ̀ yẹn á wọ̀. Má sọ pé ó kú. Jí ní ìdájí, kọjú sí apá Ṣàgámù. Tí ẹnì kan bá sì wà tó o fẹ́ dá dúró lójú ọ̀nà, mú un dání lọ.