Agbábọ́ọ̀lù Ará Holland Tó Ń Wá Bàbá Rẹ̀ ní Ṣọ́ọ̀bù Mi

Pọ́n-ùn méjìdínlógójì ni páálí ata rodo kan báyìí ní Manchester. Ata tí ìdajì rẹ̀ á ti máa rà kí ẹ tó gbé e délé. Nígbà tí ẹni tó ń kó o wá fún mi pe iye yẹn, ẹ̀rín ni mo rín. Mo ní ṣé wọ́n fi wúrà há a nínú ni. Bí mo ṣe rí nìyẹn, gbogbo nǹkan ló máa ń pa mí lẹ́rìn-ín. Níbi ìsìnkú ìyá mi pàápàá, mo rẹ́rìn-ín, torí pé àwọn tó gbé pósí ṣì ilé wọ̀.

Ẹ jọ̀ọ́, ata kọ́ ni mo fẹ́ bá yín sọ. Ó ti di ọdún mẹ́sàn-án tí nǹkan kan ti wà nínú mi tí mi ò lè fi rẹ́rìn-ín. Mi ò sọ fún pásítọ̀. Mi ò sọ fún àwọn ọmọ mi. Ẹ̀yin tí ẹ ò mọ ojú mi ni mo fẹ́ sọ ọ́ fún, torí pé wọ́n ní kí n wá sọ ọmọ kan lórúkọ ní Sátidé tó ń bọ̀ yìí, ẹnu mi ò sì mọ́ tó.

Ìwé mẹ́fà ni mo kà. Ẹ fara da bí mo ṣe ń kọ ọ́.

Ṣọ́ọ̀bù mi wà ní Eccles. Ẹ̀wà, gàrí, ẹja gbígbẹ, ọ̀gẹ̀dẹ̀, gbogbo nǹkan ilé ni mo ń tà. Ọkọ mi, Bàbá Títí, bọ́ọ̀sì ló ń wà, láti àárín ìlú lọ sí Oxford Road. Obìnrin mẹ́ta la bí. Ìyá rẹ̀ ní Ìjẹ̀bú kì í kí mi tán lórí fóònù kó má béèrè ọkùnrin, àfi bíi pé mo fi í pa mọ́ sábẹ́ káńtà.

Bàbá Títí ti gbé ní Holland kó tó wá síbí. Kò ní ìwé nígbà náà. Pásípọ́ọ̀tù ẹ̀gbọ́n rẹ̀ kan ló fi wọ ibẹ̀, torí náà Sọ́ńdè ni gbogbo ayé ń pè é níbẹ̀. Kì í ṣe orúkọ rẹ̀ rárá. Adéṣínà lorúkọ rẹ̀. Nígbà tó dé England, ó fi Sọ́ńdè sílẹ̀ bí ẹni bọ́ ẹ̀wù. Èmi nìkan ló sọ fún, ìgbà tó sì ń sọ ọ́, àwa méjèèjì rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú wa. Ó tún sọ pé òun bá obìnrin òyìnbó kan gbé níbẹ̀ fún ìgbà díẹ̀. Mo ní ó dáa, kò kàn mí.

Ọdún mẹ́sàn-án sẹ́yìn ni ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù kan níbí ra ọmọ kan wá láti Holland. Ẹ má bi mí pé ẹgbẹ́ wo. Máàtín ni mo máa pè é, kì í ṣe orúkọ rẹ̀. Ọmọ ọdún méjìlélógún ni, pupa, gíga bí òpó iná. Ẹ̀yìn ló ń gbá, àwọn tó ń dúró kí ọ̀tá má baà rí góòlù jẹ. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í wá ra ọ̀gẹ̀dẹ̀ lọ́wọ́ mi. Kò mọ èyí tó pọ́n yàtọ̀ sí èyí tí kò pọ́n, mo sì máa ń fi ṣe yẹ̀yẹ́. Ó fẹ́ràn rẹ̀. Ó ń pè mí ní Màmá.

Lọ́jọ́ kan, ó fa fọ́tò kan yọ nínú àpò. Ó ní, "Màmá, ẹ jọ̀ọ́, wọ́n ní gbogbo Yorùbá tó wà níbí ló mọ̀ yín. Bàbá mi nìyí. Sọ́ńdè lorúkọ ẹ̀. Ìyá mi ò tíì mọ̀ pé òun lóyún nígbà tí bàbá mi lọ sí England."

Mo gba fọ́tò náà. Ọkọ mi ni. Ọ̀dọ́, tẹ́ẹ́rẹ́, pẹ̀lú ilà tín-ín-rín kan ní ẹ̀rẹ̀kẹ́ òsì, ó dúró lẹ́bàá omi, ó ń ṣe fáàrí. Ilà yẹn, mo ti fi ọwọ́ kàn án kó tó di pé irùngbọ̀n bò ó.

Mo ní, "Mi ò mọ̀ ọ́n rí."

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tíì ṣépè fún mi. Ohun tó wá sí mi lọ́kàn ni ìyá ọkọ mi. Mo rí i bí yóò ṣe jó. Mo rí i bí wọn yóò ṣe máa pe òyìnbó yẹn ní ìyàwó, tí èmi yóò sì di ẹni tó ń bá wọn se oúnjẹ. Mo ní kí n rò ó fún ọjọ́ méjì, màá sọ fún ọkọ mi. Ọjọ́ méjì di oṣù méjì. Lẹ́yìn oṣù méjì, báwo ni mo ṣe fẹ́ bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ náà?

Orúkọ tí kì í ṣe orúkọ yẹn ló gbà mí. Gbogbo ṣọ́ọ̀ṣì tí Máàtín ń wọ̀, Sọ́ńdè ló ń béèrè. Kò sẹ́ni tó mọ Sọ́ńdè kankan.

Kò sí ẹni tó fẹ́ràn bọ́ọ̀lù bí ọkọ mi, ẹgbẹ́ tí Máàtín ń gbá fún sì ni tirẹ̀. Gbogbo Sátidé ló ń jókòó síwájú tẹlifíṣọ̀n, ó ń bú ọmọ rẹ̀. Ó ní ẹsẹ̀ rẹ̀ wúwo bí ọlọ. Ó ní ta ló rà á, ṣé ẹni náà ti mu ọtí ni. Lọ́jọ́ tí Máàtín ṣèèṣì gbá bọ́ọ̀lù sínú ilé tiwọn, ọkọ mi bọ́ bàtà sọ lu tẹlifíṣọ̀n.

Títí, àkọ́bí wa, ní, "Dádì, ó tó! Ṣé ọmọ yín ni, tí ẹ fi ń bú u báyìí?"

Ó ní, "Ọmọ mi kẹ̀? Tó bá jẹ́ ọmọ mi ni, ì bá ti mọ bí wọ́n ṣe ń fi orí kan bọ́ọ̀lù."

Gbogbo ilé bú sẹ́rìn-ín. Èmi wọ kíṣíìnì lọ. Mo di abọ́ mú.

Ọdún kejì ni ọmọ náà wá mọ̀ ọ́n gbá. Kò sí ẹni tó ń gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kọjá mọ́. Ọkọ mi yí ohùn padà bí olóṣèlú. Ó ní òun ti mọ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀. Nígbà tí Holland pè é sí ẹgbẹ́ orílẹ̀-èdè wọn fún ìgbà àkọ́kọ́, ọkọ mi ra jẹ́sì olómi ọsàn, ó wọ̀ ọ́ lọ sí ibi iṣẹ́ lábẹ́ yunifọ́ọ̀mù. Lọ́jọ́ kan, ó ń wo tẹlifíṣọ̀n, ó ní, "Ìyá Títí, ọmọ yìí jọ àbúrò mi tó kú."

Mo ní gbogbo èèyàn dúdú ni tẹlifíṣọ̀n ń mú jọra. Ó rẹ́rìn-ín. Ó gbà.

Wọ́n pàdé lẹ́ẹ̀kan. Ẹ jọ̀ọ́, ibí yìí ló ń dùn mí jù. Bàbá Títí wá mú ìrẹsì ní ṣọ́ọ̀bù, ó bá Máàtín níbẹ̀. Ó pariwo bí ọmọdé. Ó dì mọ́ ọn. Ó ń kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń fi orí kan bọ́ọ̀lù, láàárín àpò gàrí, Máàtín sì ń rẹ́rìn-ín, ó ń ní, "Yes, Baba. Yes, Baba." Ọkọ mi na fóònù sí mi. Ó ní, "Yà wá. Wò ó, àwa méjèèjì ga dọ́gba."

Mo gba fóònù náà. Èyí tí mo kọ́kọ́ yà, orí wọn ò sí níbẹ̀. Ó bú mi, mo tún òmíràn yà. Ó gbé fọ́tò náà kọ́ sí pálọ̀. Mo kó gbogbo fọ́tò ìgbà ọ̀dọ́ rẹ̀ sínú àpótí, mo tì í.

Ọdún kẹrin ni orúnkún Máàtín já. A rí i lórí tẹlifíṣọ̀n, bó ṣe fi ọwọ́ gbá koríko. Ọkọ mi dìde dúró. Kò bú ẹnikẹ́ni. Ó ní, "Ẹ̀yin èèyàn mi, ó ti parí." Ó sì ti parí lóòótọ́. Wọ́n ṣe iṣẹ́ abẹ fún un, wọ́n yá a fún ẹgbẹ́ kékeré kan, ẹgbẹ́ yẹn náà tún yá a fún òmíràn, ó padà sí Holland, ó ń gbá níbi tí tẹlifíṣọ̀n kì í dé. Ọkọ mi ṣì ń béèrè lọ́wọ́ mi pé, "Kọ́sítọ́mà rẹ ńkọ́?"

Ọdún kejì rèé tí ẹ̀jẹ̀ ríru gbé Bàbá Títí lọ, ní ilé ìwòsàn ńlá tó wà lójú ọ̀nà tó ń wa bọ́ọ̀sì gbà. Ó lo ọjọ́ mẹ́rin níbẹ̀. Ọjọ́ mẹ́rin, mo jókòó tì í, ó ń gbọ́rọ̀, mi ò sọ ọ́.

Máàtín gbọ́, ó pè mí. Ó ní òun fẹ́ wá sin Bàbá. Mo ní kó má ṣe ìyọnu, pé ọ̀nà jìn, pé ẹsẹ̀ rẹ̀ ò dáa. Ó gbọ́ràn. Lójú ibojì, pásítọ̀ ní kí ọmọkùnrin olóògbé kọ́kọ́ da iyẹ̀pẹ̀. Mo ní kò ní ọmọkùnrin. Mo fi ẹnu ara mi sọ ọ́, lójú pósí. Títí ló da iyẹ̀pẹ̀.

Báyìí, Máàtín ti fi bọ́ọ̀lù sílẹ̀. Ọmọ ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n, ó ń tiro. Ó ti padà wá síbí, ó ń kọ́ àwọn ọmọ kéékèèké ní bọ́ọ̀lù ní Stockport. Ní ọjọ́ Ajé, ó wọ ṣọ́ọ̀bù mi. Ìyàwó rẹ̀ ti bí ọkùnrin. Ó ní òun kà á pé ẹbí bàbá ló ń sọ ọmọ lórúkọ lọ́jọ́ kẹjọ. Ó ní, "Màmá, mi ò rí bàbá mi. Mo ti jáwọ́ nínú wíwá a. Ẹ̀yin nìkan ni àgbà Yorùbá tí mo ní. Ẹ bá mi sọ ọ́ lórúkọ."

Mo ní, "Màá wá."

Ẹ jọ̀ọ́, kí ni kí n ṣe? Tí mo bá sọ òótọ́, mo gba ìyá lọ́wọ́ àwọn ọmọ mi mẹ́ta, torí wọn ò ní fojú ìyá wò mí mọ́, ọmọ yìí yóò sì mọ̀ pé ọkùnrin tó ń kọ́ ọ láàárín àpò gàrí ni bàbá òun, pé èmi ni mo ya fọ́tò náà. Tí mi ò bá sọ ọ́, mo gbé omi àti oyin lọ fún ọmọ-ọmọ ọkọ mi bí àlejò. Ẹ̀yin tó ti ṣìṣe rí, ẹ̀yin tí wọ́n fi nǹkan pa mọ́ fún, ẹ dá mi lóhùn kó tó di Sátidé. Ẹ bá mi bẹ Ọlọ́run. Mi ò tíì lè bẹ ọmọ náà.

Ó ku ẹyọ kan. Lọ́sẹ̀ ìsìnkú, Máàtín fi owó ránṣẹ́ sí báǹkì mi láti Holland. Ó ní òun mọ̀ pé àlejò lòun, ṣùgbọ́n kí n fi kún owó pósí ọkùnrin tó fẹ́ràn òun. Mo gbà á. Mo ṣàdúrà fún un, mo pè é ní kọ́sítọ́mà gidi. Ohun tí ọmọ fi sin bàbá rẹ̀ láìmọ̀, tí mo sì ná, ni irinwó pọ́n-ùn ó lé àádọ́ta.