Àwọn Ìyá Tí Kò Kọ̀ Ọ́

Ẹ̀yin èèyàn mi, mo kí yín o. Ìwé mẹ́fà ni mo kà, ẹ má wo bí ọ̀rọ̀ mi ṣe tò, ẹ jọ̀ọ́. Ohun kan ti ń wúwo lọ́kàn mi tipẹ́, mi ò sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni, títí bàbá àwọn ọmọ mi fi kú. Mo ń sọ ọ́ báyìí nítorí pé ẹni tí mo ṣẹ̀ ń bọ̀ wá sílé mi lọ́jọ́ Àìkú, ohun tí mi ò ní ló sì ń bọ̀ wá gbà.

Ìgbó-Ọrà ni mò ń gbé. Ní ilé ìwòsàn kékeré àdúgbò wa, àwa obìnrin kan máa ń yọ̀ǹda ara wa lọ́jọ́ tí wọ́n bá ń wọn ọmọ. Ẹnikẹ́ni kì í sanwó fún wa. A ó gba ọmọ lọ́wọ́ ìyá, a ó gbé e sórí ìwọ̀n, a ó rẹ̀ ẹ́ lẹ́kún. Àwọn kan a gun ọ̀kadà lọ sí àbà, lọ pe àwọn ìyá tí kò wá. Èmi ni wọ́n fi ṣe olórí. Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo bí ìbejì, wọ́n ní ọmọ mọ ọwọ́ mi.

Obìnrin kan wà láàárín wa, aránṣọ ni. Ó ti pẹ́ nílé ọkọ, kò rí ọmọ bí. Àwọn tó kù, orúkọ ọmọ wọn la fi ń pè wọ́n: Ìyá Wàsíù, Ìyá Táyé, Ìyá Bọ́sẹ̀. Òun, "Ìyàwó" ni mò ń pè é. Ewú ti ń yọ lórí rẹ̀, mo ṣì ń pè é ní Ìyàwó, bí ẹni tí wọ́n gbé wọlé lánàá.

Bí a bá fẹ́ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, màá ní, "Ẹ̀yin ọlọ́mọ, ẹ kú àárọ̀." Bí a bá parí, màá gbàdúrà, màá wá ní, "Ti Ìyàwó náà á dé láìpẹ́." Gbogbo ojú a yí sí i, wọn a ṣe àmín. Òun náà a ṣe àmín. Mo rò pé ìfẹ́ ni mò ń fi hàn. Ẹ jọ̀ọ́, mo rò bẹ́ẹ̀ tọkàntọkàn.

Òun ló máa ń kọ́kọ́ dé. Ilẹ̀ gbígbá ni mo máa ń fún un, omi pípọn, bẹ́ǹṣì títò. Mi ò fi ọmọ lé e lọ́wọ́ rí. Mo ní mi ò fẹ́ kó máa wo ohun tí kò ní. Mi ò bi í bóyá bẹ́ẹ̀ ló fẹ́.

Lọ́jọ́ kan, ọmọ kan ń ké lórí ìwọ̀n, apá gbogbo wa kò ká a. Ó fi ìgbálẹ̀ sílẹ̀, ó ṣanwọ́, ó gbé e. Ọmọ náà dákẹ́, ó fi etí lé e láyà. Mo sáré gbà á lọ́wọ́ rẹ̀. Kí n tó mọ̀, mo ti fi àtẹ́lẹwọ́ nu orí ọmọ náà, bí ìgbà tí èèyàn ń nu eruku. Mo ní, "Kò ní ríbi." Jẹ́jẹ́ ni mo sọ ọ́, ṣùgbọ́n ó gbọ́. Ó padà sídìí ìgbálẹ̀ rẹ̀. Títí dòní, mi ò mọ ibi tí ọwọ́ mi ti kọ́ nǹkan yẹn.

Nọ́ọ̀sì ti rí bí ọmọ ṣe dákẹ́. Ó ní kí n fi obìnrin náà kún àwọn tó ń lọ sí àbà, pé ó ní sùúrù, àwọn ìyá á gbọ́ tirẹ̀. Ibẹ̀ ni mo ti pa irọ́. Mo ní àwọn ìyá ti wá fẹjọ́ sùn mí, pé wọn ò fẹ́ kó fọwọ́ kan ọmọ wọn. Ìyá kankan ò sọ bẹ́ẹ̀. Èmi nìkan ni.

Nọ́ọ̀sì pè é sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ó rọra sọ fún un. Kò jà. Ó gbálẹ̀ ọjọ́ náà tán, ó kí mi, ó lọ, kò padà wá mọ́. Mo sọ fún àwọn yòókù pé iṣẹ́ aṣọ pọ̀ lọ́wọ́ rẹ̀. Ọdún gorí ọdún.

Lẹ́nu àìpẹ́ yìí, mo tún ń kí "Ẹ̀yin ọlọ́mọ" mi, ni ọmọbìnrin kan tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dara pọ̀ mọ́ wa bá ní, "Màmá, àwa tí a ò tíì bí ńkọ́? Ṣé ká máa relé?" Wọ́n rẹ́rìn-ín. Èmi náà fẹ́ rín in, kò wá. Ojú aránṣọ yẹn ló ń wá sí mi lọ́kàn.

Mo mú aṣọ díẹ̀, mo lọ sí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀, kó fi rán bùbá fún ọmọ-ọmọ mi. Ó gbé àga fún mi, ó fún mi lómi, ṣùgbọ́n kò gba aṣọ náà. Ó ní òun kì í rán aṣọ ọmọdé mọ́. Ó ní bí òun bá rí abiyamọ lọ́ọ̀ọ́kán, òun a bọ́ sí òdìkejì títì, kí ẹ̀rù má baà bà á. Ó wá kúnlẹ̀.

"Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ dárúkọ àwọn ìyá yẹn fún mi. Mi ò bínú sí wọn. Mo kàn fẹ́ bi wọ́n, kí ni wọ́n rí lọ́wọ́ mi?"

Mo ní kó jẹ́ kí n rántí wọn, kó wá lọ́jọ́ Àìkú. Irọ́ mìíràn ni mo tún tò lé ti àkọ́kọ́.

Ẹ bá mi dá sí i. Bí mo bá sọ fún un lábẹ́lẹ̀, irọ́ mi ṣì wà lọ́kàn nọ́ọ̀sì. Bí mo bá sì pe gbogbo obìnrin jọ, ṣé mi ò tún ní kó ojú lé e lórí, bíi ti ìdí àdúrà? Ọkàn kan ní kí n bi òun fúnra rẹ̀ léèrè èyí tó fẹ́. Ẹ̀rù ń bà mí.

Àṣàkẹ́ ni orúkọ rẹ̀. Mo mọ̀ ọ́n láti ọjọ́ tó dé àárín wa, mi ò pè é rí. Bó bá kágò lẹ́nu ọ̀nà, orúkọ yẹn ni màá fi dá a lóhùn. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀yin tí ẹ gbọ́n jù mí lọ, kí ni kí n sọ tẹ̀ lé e?