Ìgò Kékeré Tí Mo Gbé Sínú Fìríìsà

Bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òótọ́ yóò bá a. Dókítà ní ẹ̀dọ̀ mi kò lè gbé mi dé ìgbà yìnyín tó ń bọ̀. Nítorí náà, ẹ̀yin tí ẹ ń pè mí ní baba iṣẹ́ yìí, ẹ gbọ́ ohun tí èmi Harlan Tveit ṣe sí Renata Kowalczyk ní yàrá ìwádìí wa ní Minesota.

Ẹ mọ̀ pé àwọn okùn tín-ín-rín kan wà nínú sẹ́ẹ̀lì, tí wọ́n ń hù kí sẹ́ẹ̀lì lè rìn. Purotéènì márùn-ún tó so mọ́ra ló ń darí wọn. Mo ti kọ ọ́ síta pé àwọn márùn-ún yìí kì í sinmi àṣẹ pípa pé kí okùn máa hù. Ìwé yẹn ló sọ mí di èèyàn. Àfi bí Renata, tó ń ṣiṣẹ́ lábẹ́ mi, ṣe wọlé lọ́sàn-án ọjọ́ kan. "Ọ̀gá, ẹ má bínú o. Ẹyọ kan ló ń pàṣẹ. Àwọn mẹ́rin yòókù ló di ẹnu rẹ̀ mú. Tí wọ́n bá pé, wọ́n á dákẹ́ ni." Mo ní, "Ṣé èmi ni mo wá purọ́?" Ó ní, "Rárá o! Bóyá tiyín ti tú ká ni. Ẹ gbé e sí fìríìsà, àbí?" Òótọ́ ni. Dídì ló tú wọn ká. Ojú tì mí débi pé mo kórìíra rẹ̀.

A ní kó fi hàn lójú àwọn àgbà ẹ̀ka wa pé okùn kì í hù tí márààrún bá pé. Láàárọ̀ ọjọ́ náà, ó gbé ìgò tí purotéènì rẹ̀ wà nínú rẹ̀ sórí yìnyín, ó lọ ra kọfí. Ìgò náà kò ju ìka ọmọdé lọ. Mo gbé e sínú fìríìsà, mo dúró tì í títí ó fi dì, mo há a mọ́ àtẹ́lẹwọ́ mi títí ó fi yọ́, mo sì dá a padà. Ìkà ni mí! Níwájú àwọn àgbà, okùn hù yàà bíi koríko. Renata ń wí pé, "Ìgbà mẹ́rìnlá ni mo ti ṣe é, kò hù rí!" Ọ̀kan nínú wọn ní, "Renata, bóyá iṣẹ́ yìí kọ́ ni tìẹ." Ó kó ẹrù rẹ̀ lọ.

Ìyẹn kọ́ ló burú jù. Lẹ́yìn ọdún mẹ́fà, àwọn ẹlòmíì fi hàn pé bó ṣe wí gan-an ló rí. Ó pè mí láti ìlú Duluth, níbi tó ti ń ta irúgbìn òdòdó. "Ọ̀gá, ẹ jọ̀ọ́, kí ni mo bà jẹ́ lọ́jọ́ yẹn? Mi ò fẹ́ padà. Mo kàn fẹ́ mọ̀ ni." Àyè láti sọ òótọ́ wà níbẹ̀. Mo ní, "Ọwọ́ ẹ ni, Renata. Ọwọ́ ẹ gbóná jù fún iṣẹ́ yìí." Ó sì dúpẹ́ lọ́wọ́ mi.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́, tí iṣẹ́ yín bá bàjẹ́ lójú ọ̀gá yín, ẹ wádìí ibi tí ọ̀gá wà láàárọ̀ ọjọ́ náà. Renata, mo bẹ̀ ọ́, dárí jì mí. Tí kò bá ṣeé ṣe, dárí ji ọwọ́ tìrẹ, nítorí kò ṣẹ̀ ọ́ rí.