Ọ̀dọ́mọkùnrin Tí Mo Kọlù Ní Ghana

Ẹ bá mi yin Olúwa! Ẹ jọ̀ọ́, ẹ yìn Ín dáadáa, nítorí àyà mi ṣì ń já bí mo ṣe dúró níbí yìí. Bí mo bá sunkún, ẹ má bínú.

Ẹ̀yin tí ẹ mọ̀ mí ní àdúgbò Òkèrèwè níbí láti kékeré, ẹ mọ̀ pé fìrìgbọ̀n ni wọ́n bí mi. Rọ́gíbì ni mò ń gbá, bọ́ọ̀lù tó rí bí ẹyin yẹn, tí èèyàn máa ń gbá mọ́ra sáré. Wíńgà ni mí: etí pápá ni mò ń dúró sí, tí wọ́n bá ti jù ú sí mi, kí n sáré, kí n sì ti ẹni tó bá dí mi lọ́nà kúrò. Pápá yunifásítì níbí ni mo ti kọ́ ọ, kó tó di pé mò ń wọ jẹ́sì Nàìjíríà káàkiri. "Kátápílà!" ni wọ́n máa ń pè mí. Mi ò ní purọ́ nílé Ọlọ́run, orí mi máa ń wú.

Lọ́dún tó kọjá, a lọ gbá bọ́ọ̀lù ní Ghana. Wọ́n jù ú sí mi, mo ki eré mọ́lẹ̀. Ẹnì kan ṣoṣo ló kù níwájú mi, ọ̀dọ́mọkùnrin tẹ́ẹ́rẹ́ kan tó ń jẹ́ Kwesi. Kò sá. Ó bẹ̀rẹ̀ kó lè dì mọ́ mi lẹ́sẹ̀. Orúnkún mi bá a lọ́rùn. Mo kọjá, mo fi bọ́ọ̀lù kanlẹ̀ lẹ́yìn ìlà wọn, bí a ṣe ń jẹ góòlù nìyẹn, mo nawọ́ sókè. Kò sẹ́ni tó pariwo. Mo wẹ̀yìn, Kwesi ò mira.

Rẹfirí ní mi ò jẹ̀bi. Ṣùgbọ́n dókítà ní láti ọrùn lọ sísàlẹ̀, Kwesi ò lè mira, kò sì mọ̀ bí wọ́n bá fọwọ́ kàn án. Haà! Mo pe màmá mi, àwọn tó jókòó láàárín Ẹgbẹ́ Ìyá yẹn. Mo ní, "Màámi, mo ti pa ọmọ ọlọ́mọ."

Wọ́n ní, "O ò tíì pa á. Lọ bá ìyá rẹ̀. Àwa máa wà lórí ìkúnlẹ̀." Ẹ̀yin ni "àwa" yẹn o! Ọjọ́ mẹ́ta lẹ fi gbààwẹ̀.

Mo lọ sí ọsibítù. Mo ti múra de èpè. Ìyá Kwesi wò mí tẹ̀ẹ̀, wọ́n fi òyìnbó sọ fún mi pé, "Ọwọ́ rẹ lágbára. Di ẹsẹ̀ ọmọ mi mú, kí o bá mi bẹ Ọlọ́run."

Èèmọ̀! Èmi tí mo ṣe é léṣe! Mo di ẹsẹ̀ náà mú, ó tutù rinrin. Àdúrà ò wá sí mi lẹ́nu, "Jésù" nìkan ni mò ń pè. Ọjọ́ kìíní, kò sí nǹkan kan. Ọjọ́ kejì, bẹ́ẹ̀ náà. Ọjọ́ kẹta, mo ṣì ń pè é lọ́wọ́ ni nǹkan ta pútú ní àtẹ́lẹwọ́ mi. Mo rò pé ọwọ́ mi ló ń gbọ̀n. Ó tún ta. Àtàǹpàkò ẹsẹ̀ rẹ̀ ni! Mo fi igbe ta, nọ́ọ̀sì méjì sáré wọlé, wọ́n rò pé ó ti kú ni.

Kò dìde lọ́jọ́ náà o. Oṣù méje ló fi kọ́ ìrìn bí ọmọ ọwọ́. Wọ́n ní kò lè gbá rọ́gíbì mọ́ láéláé, ìyẹn ṣì ń dùn mí. Ṣùgbọ́n ní Sátidé tó kọjá, Kwesi fẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn lọ síwájú pẹpẹ, ó gbéyàwó. Èmi ni wọ́n fi ṣe ọ̀rẹ́ ọkọ! Ìyá rẹ̀ fà mí mọ́ra lójú gbogbo èrò, wọ́n ní àwọn ti di ìyá ọmọkùnrin méjì.

Ta ló lè ṣe irú èyí bí kò ṣe Ọlọ́run? Ẹ̀yin tí ẹsẹ̀ yín gbé yín wá síbí láàárọ̀ yìí, ẹ dìde, ẹ bá mi jó fún Un!