Mítà Ara Táǹkì Kejì

Alága ìjókòó wa, mo kí yín tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀. Ọ̀gá àgbà ilé iṣẹ́ wàrà yìí, mo kúnlẹ̀ kí yín. Ẹ̀yin àgbà nídìí ẹ̀rọ, ẹ̀yin ìyá tó ń di wàrà sínú páálí, ẹ̀yin awakọ̀ tó ń gbé e lọ sáwọn ilé ìwé, mo kí gbogbo yín pátá. Ìyá mi náà wà lọ́hùn-ún yẹn, wọ́n ti ń nu ojú kí n tó sọ nǹkan kan. Mọ́mì, ẹ rọra, ọ̀rọ̀ ṣì pọ̀ níwájú.

Ẹ̀yin èèyàn mi, ọdún mẹ́ta ni mo lò lọ́dọ̀ yín, ọ̀la ni mo ń lọ síbi iṣẹ́ mìíràn. Iṣẹ́ tí ẹ gbà mí fún ni kí n máa ṣọ́ àwọn kọ̀ǹpútà tó ń darí ẹ̀rọ wa, kí olè má baà gba orí íńtánẹ́ẹ̀tì wọlé sí wọn lára. Ṣé ẹ rántí ọjọ́ tí mo dé láti ilé ìwé lókè òkun? Mo na ọwọ́ sí Bàbá Onítáǹkì, àgbà tó ń ṣọ́ àwọn táǹkì wàrà wa, mo ní, "Báwo ni?" Bàbá wò mí látòkè délẹ̀, wọ́n ní, "Mo wà dáadáa, ẹgbẹ́ mi." Bí mo ṣe di Ẹgbẹ́ Mi nìyẹn, títí dòní.

Láràárọ̀, kí wàrà tó kúrò nínú táǹkì kejì tí a ti ń gbé e kaná kí kòkòrò àrùn inú rẹ̀ lè kú, Bàbá á fi àtẹ́lẹwọ́ kan ara táǹkì, wọ́n á wo mítà kékeré olójú gíláàsì tó ń wọn ìgbóná níbẹ̀, wọ́n á sì pariwo ohun tí wọ́n kà. Ẹni tó jókòó ti kọ̀ǹpútà á pariwo tirẹ̀. "Méjìléláàádọ́rin!" "Méjìléláàádọ́rin!" Tí méjèèjì bá dọ́gba, gbogbo wa á ní, "Ó bára mu!" Ìgbà yẹn la tó máa ṣí ẹnu páìpù.

Èmi ọ̀mọ̀wé, mo kọ̀wé pé kí wọ́n yọ mítà yẹn dànù. Bàbá ní, "Ẹgbẹ́ mi, tí kọ̀ǹpútà rẹ bá parọ́ ńkọ́?" Mo ní, "Bàbá, kọ̀ǹpútà kì í parọ́." Ẹ̀ ń rẹ́rìn-ín. Ẹ rín in dáadáa, ó tọ́ sí mi.

Ó wá di Mọ́ńdè ọjọ́ yẹn. Bàbá pariwo, "Méjìdínlọ́gọ́ta!" Èmi ni mo wà nídìí kọ̀ǹpútà, méjìléláàádọ́rin ló wà níwájú mi gbọnrangandan. Mo ní, "Bàbá, ẹ lọ mú awò ojú yín wá." Wọ́n tún fọwọ́ kan táǹkì, wọ́n ní, "Ọmọ mi, ọwọ́ mi kì í lo awò." Wọn ò ṣí ẹnu páìpù.

Nígbà tí a yẹ kọ̀ǹpútà wò, olè ti wọlé sí i. Àwọn olè náà ti dín iná kù, wọ́n sì ti kọ́ kọ̀ǹpútà ní irọ́ tó máa pa fún wa. Wàrà tí kò gbóná tó, tí àwọn ọmọ iléèwé ìbá mu láàárọ̀ ọjọ́ yẹn, gbogbo rẹ̀ la dà nù. Kò sí ọmọ kan tí inú run.

Ṣùgbọ́n ibo ni olè gbà wọlé? Àwọn kan ní Bàbá ló lọ fọwọ́ kan ohun tí wọn ò mọ̀. A ní kí Bàbá lọ jókòó sílé. Ọjọ́ mẹ́ta. Èmi sì mọ ibi tí olè gbà. Lọ́jọ́ Jímọ̀ tó ṣáájú, èmi ni mo ṣí ọ̀nà lórí íńtánẹ́ẹ̀tì fún àwọn tó ta ẹ̀rọ fún wa, kí wọ́n lè tún un ṣe láti ọ̀nà jíjìn. Ó yẹ kí n tì í kí n tó lọ sílé. Mi ò tì í.

Lọ́jọ́ kẹrin ni mo tó jẹ́wọ́ fún Ọ̀gá. Wọ́n pe Bàbá padà, àmọ́ wọn ò dárúkọ mi fún ẹnikẹ́ni. Wọ́n ní iwájú mi ṣì jìn. Ọ̀gá, àánú yín pọ̀. Ṣùgbọ́n títí di àná, mo ṣì ń gbọ́ tí àwọn kan ń sọ ọ́ níbi oúnjẹ pé Bàbá ni. Kì í ṣe Bàbá. Èmi ni.

Bàbá, mo tọrọ àforíjì níwájú gbogbo èèyàn. Rárá, ẹ má dìde, ẹ jọ̀ọ́. Kí lẹ wí, sà? Ẹ gbọ́ o, Bàbá ní àwọn ti mọ̀ tipẹ́. Wọ́n ní lọ́jọ́ tí àwọn padà dé, mo kúnlẹ̀ kí àwọn, mi ò wá lè dìde mọ́.

Mọ́mì, ẹ yá mi ní áńkáṣíìfù yẹn.

Ẹni tó ń gbaṣẹ́ lọ́wọ́ mi, wáyà tó ń ṣí ọ̀nà àtúnṣe yẹn ti wà nínú àpótí onírin báyìí. Ọ̀dọ̀ Bàbá ni kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ wà. Lọ gbà á tí o bá fẹ́ lò ó, kí o sì dá a padà kó tó di pé o lọ sílé. Má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni yọ mítà yẹn, àní kó jẹ́ èmi ni mo kọ̀wé wá.

Ẹ ò ní fi ọwọ́ yín ṣe iṣẹ́ ibi. Àwọn ọmọ tó ń mu wàrà yìí á dàgbà, wọ́n á lágbára, wọ́n á tọ́jú yín. Ilé yìí ò ní dàrú. Ẹ ṣé tí ẹ gbà mí ní ọmọ, ẹ ṣé o.

Bàbá, ó kù kan. Ẹ bá mi pariwo nọ́ńbà ojú mítà yẹn lẹ́ẹ̀kan sí i kí n tó lọ. Mo ti ṣe tán láti dáhùn.